Omi Tí Mo Pọn Lánàá

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú ni. Àwa márùn-ún la wà ní àgbàlá. Bàbá mi jókòó sórí àpótí, ó ń ki okùn tuntun bọ bàtà tó ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Ìyá mi ń ṣa ẹ̀wà. Ìyá Rìsí, tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwa, ń fọ aṣọ. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Wúràọlá, tí mò ń pè ní Àǹtí Wúrà, dúró sí àárín, ó mú orógùn tí wọ́n fi ń ro ọkà lọ́wọ́ bí ẹni mú pàṣán. Ẹni karùn-ún ni èmi, Jídé, mo dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá wa. "Ó yá," ni Àǹtí Wúrà wí. Mo ní, "Every day I fetch water." Ó fi orógùn tọ́ka sí kòtò tí omi ìfọṣọ ń gbà jáde. Mo sáré lọ dúró níbẹ̀. "Yesterday I fetched water." Ó tọ́ka sí géètì páànù tó ṣí sí ojú títì. Mo sáré débẹ̀, mo fi ẹ̀yìn tì í. "Tomorrow I will fetch water." Ìyá mi ò gbójú sókè nínú ẹ̀wà. Ó ní, "Lágbára Ọlọ́run." Ìyá Rìsí bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá Wúrà, ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí òyìnbó ń sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀mẹta? Ṣé etí wọn di ni? Àbí omi tí Jídé ń pọn nìkan ni wọ́n ń rò l'Éńgìláǹdì?" Bàbá mi, tí kì í rẹ́rìn-ín, rẹ́rìn-ín sínú bàtà rẹ̀. Èmi náà ń rẹ́rìn-ín. Bí mo bá fẹ́ rántí ilé wa nígbà tó ṣì pé, ibẹ̀ ni mo máa ń dúró.

Mo ti tó ọmọ ọdún mọ́kànlá nígbà náà, mi ò sì tíì jókòó nínú kíláàsì rí. Ìyá ìyá mi ló tọ́ mi dàgbà ní abúlé kan lẹ́bàá Ìkìrun, níbi tí ilé-ìwé ti jìnnà ju oko lọ. Mo mọ bí a ṣe ń dẹ pàkúté fún òkété, mo mọ ibi tí olú ń hù sí lẹ́yìn òjò, ṣùgbọ́n bí ẹ bá kọ orúkọ mi síwájú mi, mi ò ní mọ̀ pé èmi ni. Nígbà tí ìyá àgbà kú ni wọ́n mú mi wá sọ́dọ̀ àwọn òbí mi ní Mafolúkù. Ilé tí a ń gbé jẹ́ ilé olọ́pọ̀ yàrá tí àwọn ilẹ̀kùn rẹ̀ kọjú síra. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹ óò ti gbọ́ tí wọ́n ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú sítóòfù, tí ikọ́ Bàbá Onílé ń dáhùn láti iwájú ilé, tí garawa ń kan garawa lẹ́nu ẹ̀rọ omi òpópónà. Nínú gbogbo ariwo wọ̀nyẹn, ti bàálù ni mi ò rírú rẹ̀ rí. Pápá ọkọ̀ òfuurufú ò jìnnà sí wa. Ọdún tí owó epo rọ̀bì dé sórí gbogbo nǹkan nìyẹn, bàálù ń bọ̀ tọ̀sán-tòru. Bí ọ̀kan bá ń bọ̀ lókè òrùlé, gbogbo ilé á dákẹ́. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ á na ìka kan sókè, á di ọ̀rọ̀ rẹ̀ mú sẹ́nu, ẹni tó ń gbọ́ á dúró dè é. Tí bàálù bá kọjá tán, ọ̀rọ̀ á tẹ̀ síwájú láti ibi tó ti dúró. Mo rí Ìyá Rìsí àti obìnrin kan tí wọ́n ń bú ara wọn nítorí okùn ìsáṣọ. Bàálù dé, àwọn méjèèjì na ìka sókè, wọ́n ń wo ara wọn lójú kọrọkọrọ, ó kọjá, èébú bá bẹ̀rẹ̀ padà. Ibẹ̀ la ti ń mọ àlejò. Àlejò ló máa ń fẹ́ pariwo ju bàálù lọ.

Ọdún yẹn náà ni ìjọba ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́. Àǹtí Wúrà gbọ́, ó lọ bẹ hẹ́dímásítà kan tí ilé-ìwé rẹ̀ wà lọ́nà Ìsọlọ̀. Hẹ́dímásítà ní òun ò lè kó géńdé ọmọ sáàárín àwọn ọmọ ọdún mẹ́fà. Ó ní bí mo bá lè ka ìwé díẹ̀, tí mo sì lè fi èdè òyìnbó sọ ohun tí mò ń ṣe lójoojúmọ́, ohun tí mo ṣe lánàá àti ohun tí màá ṣe lọ́la, òun á fi mí sí kíláàsì kẹrin. Ọjọ́rú kan báyìí ni òun á dán mi wò, ó sì ní bí ọjọ́ náà bá ti kọjá, òun ò ní gba ẹnikẹ́ni mọ́. Bàbá mi ò fẹ́. Kì í ṣe ìkà. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń hun búláńkẹ́ẹ̀tì ní Ìsọlọ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́ alẹ́, ariwo ẹ̀rọ ti mú etí rẹ̀ kan lọ, ó sì ti rí i pé àwọn tó mọ iṣẹ́ ọwọ́ lowó ń wá bá. Ọkọ̀ pọ̀ lójú títì, ọkọ̀ sì ń kọ lu ọkọ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, Ọ̀gá Sùlè, ń tún ara ọkọ̀ tó wó ṣe ní Òṣòdì, ó sì ti ní òun á gbà mí. "Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò," ni bàbá mi wí. "Èyí ti dàgbà kọjá àdá." Àǹtí Wúrà kúnlẹ̀. "Bàámi, ẹ fún mi di Ọjọ́rú yẹn. Bó bá fìdí rẹmi, màá fọwọ́ ara mi mú un lọ bá Ọ̀gá Sùlè." Bàbá mi ní, "Ó dáa." Bí ọ̀rọ̀ ṣe máa ń tán lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn.

Kò ju ogún ọdún lọ, Àǹtí Wúrà. Ó ti ṣe ìwé mọ́dà, ìyẹn ti ọlọ́dún mẹ́ta lẹ́yìn alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tán, ó ń di bisikíìtì sínú páálí ní ilé iṣẹ́ kan ní Ìsọlọ̀ kó lè rí nǹkan mú lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́. Aṣọ rẹ̀ máa ń rùn bíi mílíìkì. Lálẹ́ ó ń kọ́ mi ní ìwé kíkà. Ó máa ń kó bisikíìtì tó fọ́ bọ̀ nínú abọ́ oúnjẹ rẹ̀, kò sì ní fún mi jẹ àfi tí mo bá fi òyìnbó sọ ẹni tó rà á, ìgbà tó rà á. Ó ní àwọn ọ̀rọ̀ òyìnbó dà bí ọmọ inú ilé. Àwọn kan ń gbọ́ràn. Bó o bá sọ fún wọn pé ó di àná, wọ́n á gba ìrù tí wọ́n bá fún wọn, wọ́n á sì dákẹ́: "wash" di "washed", "cook" di "cooked". Àwọn kan sì wà tó jẹ́ olóríkunkun, tó jẹ́ pé bí àná bá ti pè wọ́n, wọ́n á lọ wọ aṣọ ẹlòmíràn, ìyá wọn pàápàá ò ní dá wọn mọ̀. "Go" lọ di "went". "Buy" di "bought". Ó yà mí lẹ́nu. Ní èdè wa, mo lọ lánàá, màá lọ lọ́la, "lọ" ò pààrọ̀ aṣọ. Nítorí pé orí mi ò tètè gba ọ̀rọ̀ ìgbà ló ṣe fi kọ́ ẹsẹ̀ mi. Ẹnu ọ̀nà yàrá, níbi tí a ti ń jáde lójoojúmọ́, ni ojoojúmọ́. Ẹ̀bá kòtò, níbi tí omi tí a ti lò ń bá lọ, ni àná. Géètì ni ọ̀la. Gbogbo iṣẹ́ ilé tí mo bá ṣe, mo gbọ́dọ̀ sáré dé ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àwọn ọmọdé ilé ń tẹ̀lé mi, wọ́n ń kọ ọ́ lórin. Ìyá Rìsí sọ mí ní Òyìnbó Oko. Lọ́jọ́ kan mo gbọ́ tí òun fúnra rẹ̀, níbi tó ti ń fọ ìkòkò, ń sọ ọ́ jẹ́jẹ́, "I wash, I washed." Nígbà tó rí mi, ó ju kànrìnkàn lù mí.

Ìyá mi nìkan ni kò fọwọ́ sí i tán. Kì í ṣe ilé-ìwé ló ń bá jà, ọ̀la ni. Nílé wa, ẹnikẹ́ni kì í sọ ọ̀la ní ìhòòhò. Bó o bá ń lọ ra ìyọ̀ ní iwájú ilé, wàá fi Ọlọ́run kún un. Èmi náà ń ṣe é di òní. Ìyàwó mi, tí Ọlọ́run ti pè, fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí rẹ̀ títí ó fi lọ. Ó ní ṣé búrẹ́dì náà la fẹ́ fi àdúrà rà. Mi ò sọ ìdí rẹ̀ fún un rí. Lọ́jọ́ Àìkú yẹn, nígbà tí ẹ̀kọ́ parí, Àǹtí Wúrà nu òógùn ojú mi, ó ní, "On Wednesday I will take you to the headmaster." Ó túmọ̀ rẹ̀ fún ìyá wa: òun á mú mi lọ bá hẹ́dímásítà lọ́jọ́rú.

"Fi Ọlọ́run kún un," ni ìyá mi wí.

"Màámi, bí Jídé bá fi kún un lọ́jọ́ náà, hẹ́dímásítà máa fagi lé e ni. Ìbéèrè ò pè é."

"Ta ni kò pe Ọlọ́run?"

"Gírámà ni, Màámi."

"Ṣé gírámà ló ni ọ̀la ni?"

"Ẹ fi ọmọ sílẹ̀, Ìyá Wúrà," ni Ìyá Rìsí wí. "Ọlọ́run gbọ́ òyìnbó."

Ìyá mi na ìka sókè, nítorí bàálù ti ń bọ̀. A dúró. Ó kọjá, ó lọ. Ìyá mi kì í fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ láìparí, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn kò bẹ̀rẹ̀ padà. Ó da ẹ̀wà sínú omi. Àǹtí Wúrà gbé ẹ̀wù mi funfun sínú sítáàṣì, ó lọ̀ ọ́, ó fi kọ́ sára ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, iṣẹ́ àárọ̀ ni Àǹtí Wúrà ní. Mo gbé garawa bọ̀ láti ẹnu ẹ̀rọ, a pàdé ní géètì. "Buy?" ló wí. Mo ní, "Bought." "Teach?" Mo ní, "Teached." Ó fi ìka ta mí létí. "Taught. Máa sọ ọ́ títí màá fi dé." Ìyá mi wà lẹ́nu ọ̀nà, ó gbọ́. Mo sọ ọ́ lọ, mo sọ ọ́ bọ̀, "taught, taught," títí gbogbo àgbá fi kún.

Oòrùn ti ń rọlẹ̀ nígbà tí ọkùnrin kan wọlé. Ó wọ aṣọ iṣẹ́ bíi ti Àǹtí Wúrà. Ó gbé abọ́ oúnjẹ Àǹtí Wúrà lọ́wọ́, gèlè Àǹtí Wúrà ló fi dì í. Ìyá mi dìde, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i bí a ti ń rẹ́rìn-ín sí àlejò. Ó rò pé ọmọ òun ló gbàgbé abọ́. "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mà," ni ọkùnrin náà wí. "Bàbá ńkọ́, mà? Ṣé wọ́n..." Bàálù dé. Àṣé ará Mafolúkù ni. Ó na ìka sókè, ó di ọ̀rọ̀ rẹ̀ mú. Gbogbo wa dúró dè é, bí a ti máa ń ṣe. Ìyá Rìsí dúró pẹ̀lú aṣọ tó ń ká lórí okùn. Bàbá Onílé dúró lẹ́nu ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bàbá mi, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí láti lọ síbi iṣẹ́, jáde, ó rí ìka náà, òun náà dúró. Mo ń wo ìyá mi. Ó wo ojú ọkùnrin náà, ó wo abọ́, ó wo gèlè, ó tún wo ojú rẹ̀. Ẹ̀rín náà ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, kò rántí mú un kúrò. Kí bàálù tó kọjá, ó ti mọ̀. Ó kọjá tán, ilé pa rọ́rọ́, ọkùnrin náà ò sì lè sọ ìka rẹ̀ kalẹ̀.

Wọ́n mú bàbá mi wọlé, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Ọkọ̀ ńlá kan tó ń kó sìmẹ́ǹtì láti etíkun ló sá fún kòtò, tó yà kúrò lójú títì ní Ìsọlọ̀, tó bá àwọn òṣìṣẹ́ tó ń rìn bọ̀ lẹ́bàá ọ̀nà. Ìwọ̀nba tí mo gbọ́ nìyẹn, mi ò bèèrè sí i rí.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n sin Àǹtí Wúrà. Òkú ọ̀fọ̀ ni, a kì í fi falẹ̀. Òbí kì í sì í mọ sàréè ọmọ. Àwọn ọ̀dọ́ ilé iṣẹ́ rẹ̀ àti ti ṣọ́ọ̀ṣì wa ló lọ. Nígbà tí wọ́n ń jáde, wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ bàbá àti ìyá mi kí wọ́n má bàa rí ọ̀nà tí àwọn ọ̀dọ́ náà gbà. Mo ń tẹ̀lé wọn lọ, Bàbá Onílé di apá mi mú. "Ìwọ náà ò ní lọ," ló wí. "Ìwọ ló kù lọ́wọ́ wọn. Àwọn tó lọ máa nílò omi tí wọ́n bá dé. Lọ pọn omi." Mo pọn ọ́n. Mo pọn kún àgbá tó wà lẹ́nu géètì, mo pọn kún gbogbo garawa ilé, nígbà tí kò sí ohun tí mo lè rọ ọ́ sí mọ́ mo dúró tì í. Wọ́n dé. Wọn ò wọlé. Wọ́n nawọ́, mo ń da omi sí wọn lọ́wọ́, mo da sí wọn lẹ́sẹ̀, mo da sí ṣọ́bìrì. Erùpẹ̀ Èkó pupa níbi tí wọ́n gbẹ́ dé. Omi pupa náà gba inú àgbàlá kọjá, ó wọ kòtò, ó ń lọ. Mo tún lọ pọn sí i. Títí di òní mi ò mọ ibi tí wọ́n sin ín sí. Àwọn tó mọ̀ ti túká, ọ̀pọ̀ wọn ti kú.

Ìyá mi jókòó sórí ẹní, kò sunkún mọ́. Ọ̀rọ̀ kan ló ń sọ. "Ó ní títí òun fi máa dé. Kò fi Ọlọ́run kún un." Wọ́n ní, "Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀." Ó tún sọ ọ́. Nígbà tó pẹ́, ó gbójú sókè, ó rí mi. "Mi ò fẹ́ gbọ́ òyìnbó nínú ilé yìí mọ́," ló wí. Ọ̀gá Sùlè wá kí wọn ní ìrọ̀lẹ́. Ó jókòó ti bàbá mi, ó ní, "Ẹ jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé. Iṣẹ́ ò ní jẹ́ kó ráyè ronú." Bàbá mi mi orí pé ó dáa. Mo wo ẹ̀wù funfun lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ẹnikẹ́ni ò tíì fọwọ́ kàn án.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ lọ́jọ́rú, mo dìde, mo gbé garawa. Nígbà tí mo padà dé, ìyá mi wà lẹ́nu ọ̀nà, ó jókòó ti sítóòfù tí kò tàn. Ìyá Rìsí jáde láti yàrá rẹ̀, ó kúnlẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹgbẹ́ ni wọ́n. "Ẹ kú ojúmọ́," ló wí, ó wá dúró díẹ̀. "Ìyá Jídé." Ẹnikẹ́ni ò pè é bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà tí mo ti dé ilé yẹn. Ó ní láti jẹ́ pé àwọn àgbà ilé ti sọ ọ́ láàárín ara wọn, pé orúkọ ti àkọ́kọ́ ò ṣeé pè mọ́. Ìyá mi wò ó bí ẹni tí wọ́n pe ẹlòmíràn níwájú rẹ̀. Ó ní, "Ẹ kú ojúmọ́, Ìyá Rìsí." Láti ọjọ́ náà, orúkọ rẹ̀ nìyẹn títí ó fi kú.

Mo wẹ̀. Mo wọ ẹ̀wù náà, sítáàṣì rẹ̀ ń dún lára mi. Bàbá mi jókòó sórí àpótí rẹ̀ ní àárín ọ̀nà, bàtà tí ó ki okùn tuntun bọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó wo ẹ̀wù náà. Mo dúró dè é kó sọ ohun tó fẹ́ sọ. Ó dìde díẹ̀, ó fa àpótí rẹ̀ kúrò lọ́nà fún mi. Mo dé géètì, ìyá mi pè mí.

"Jídé."

"Màámi."

"Bí wọ́n bá bi ọ́ ní ti ọ̀la, fi Ọlọ́run kún un."

"Mo gbọ́, Màámi."

Mo rìn dé ilé-ìwé náà fúnra mi. Ọmọ Èkìtì ni hẹ́dímásítà, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó wọ awò ojú. Ó wo ẹ̀yìn mi. "Ẹ̀gbọ́n rẹ dà? Ó ní òun lòun máa mú ọ wá." Mo ní, "She did not come, sir." Ó ṣí ìwé kan síwájú mi, mo ka ìwọ̀nba tí mo lè kà. Ó wá gbé e kúrò, ó bi mí ní òyìnbó pé kí ni mo máa ń ṣe láràárọ̀. Mo ní, "I fetch water, sir. I wash the plates." Kí ni mo ṣe lánàá? Ẹsẹ̀ mi fúnra rẹ̀ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bí ẹni ń lọ sẹ́bàá kòtò. Mo ní, "Yesterday I fetched water, sir." Ó ní kí n sọ òmíràn. Mo wá òmíràn, mi ò rí. Mo ní, "I fetched water, sir. I fetched water." Ó ní, "Good." Kí ni màá ṣe lọ́la? Mo ní, "Tomorrow I will come to school," mo sì fi èyí tí mo gbọ́ lẹ́nu pásítọ̀ wa kún un, "by the grace of God." Ó gbójú sókè, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Kò fagi lé e. "Ta ló kọ́ ọ?" ló wí.

"My sister taught me, sir."

"Ó ṣiṣẹ́. Tí o bá délé, sọ fún un pé mo kí i."

Mo ní, "Yes, sir."

Ó mú mi lọ sí kíláàsì kẹrin. Wọ́n fi mí sí bẹ́ǹṣì tó gbẹ̀yìn, nítorí gíga mi. Tíṣà ń kọ nǹkan sójú pátákó, ó yíjú padà láti bá wa sọ̀rọ̀, bàálù dé. Ó na ìka kan sókè. Gbogbo wa dákẹ́, a ń dúró kó kọjá.